Lékeléke Tó Ń Wẹ̀yìn

Aṣọ tí abẹ́rẹ́ ò kàn rárá ni a fi wé Bàbá àgbà mi. Bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọjọ́ ayé wọn rán àmì sí àyà ẹlòmíràn, pé kí wọ́n wá lọ láìní ohun rírán kan ṣoṣo lára, ó dùn mí wọ egungun. Èmi ni mo bá wọn lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín ìka wọn. Kí ìrun Àsàrí tó tó, a ti sin wọ́n tán.

Bàbá Báàjì ni gbogbo Òkokomàíkò ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni báàjì tí àwọn ọ̀gá sójà máa ń lẹ̀ mọ́ àyà kóòtù lọ́jọ́ àríyá, èyí tí a ń fi ọwọ́ rán, tí a ń fi òwú wáyà aláwọ̀ wúrà ṣe. Láti bárékè Ọ̀jọ́ ni oníbàárà wa ti ń wá. Èmi Sàkírátù, ọmọ ọmọbìnrin wọn, ni mo kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn láti kékeré. Rírán ni mo gbà lọ́wọ́ Bàbá àgbà, ẹnu mímú ni mo jogún lọ́dọ̀ Ìyá àgbà, ẹ ó sì gbọ́ méjèèjì níhìn-ín. Kọ́pùrà ni Bàbá àgbà ń pè mí. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, Kọ́pùrà náà ni mo ṣì jẹ́. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ mí di Sájẹ́ǹtì, wọ́n á ní, "Ìgbéga kì í ṣe ẹran Iléyá tí a ń pín kiri."

Ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé yìí nìyí. Wọn ò tíì pé oṣù méjì nínú ilẹ̀ tí iṣẹ́ wọlé lórí Wásáàpù. Ọ̀dọ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló ti wá, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ìbà. Òun ni akọ̀wé kọ́ọ̀sì wọn. Kọ́ọ̀sì ni àwọn sójà ń pe àwọn tó jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun lọ́jọ́ kan náà, ẹgbẹ́ tí ẹ kò lè já sílẹ̀ títí ikú. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó ṣe ìpàdé, a máa ń rán báàjì tuntun fún wọn. Iṣẹ́ náà kà báyìí: "Báàjì mọ́kànlá, bíi ti èṣí. Kí ẹ sọ kókó méjì di funfun." Orúkọ méjì tẹ̀lé e. Mo kà á, mo tún un kà. Orúkọ Bàbá àgbà mi ò sí níbẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé kókó. Ní etí báàjì yẹn, ó ní àwọn kókó òwú kéékèèké tó yí àmì náà po, méjìlélógójì, kókó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wọn jáde nílé ẹ̀kọ́ náà. Wúrà ni kókó alààyè. Bí ẹnì kan bá kú, a ó sọ tirẹ̀ di funfun, a kì í yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ti funfun báyìí. Bàbá àgbà mi, tó ya àmì náà, tó rán an lọ́dọọdún títí ojú wọn fi ń ṣe bàìbàì, wọn ò ní kókó kankan níbẹ̀, wúrà kọ́, funfun kọ́. Ìyẹn ni ìjà mi. Mo fẹ́ kí wọ́n fún wọn ní kókó kan, ó kéré tán nígbà tí wọ́n ti kú.

Ìdí tí wọn ò fi ní in kò ṣòro. Bàbá àgbà mi bá wọn wọlé, wọn ò bá wọn jáde. Ọdún tó kẹ́yìn, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ lásìkò ìdánwò. Ilé ẹ̀kọ́ ní kò burú, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ọdún kan, kí wọ́n bá àwọn tó tẹ̀ lé wọn parí. Ẹlòmíràn á dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Bàbá àgbà di àpótí wọn, wọ́n gba ilé lọ. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì kan làwọn bá wọlé, àmì kọ́ọ̀sì kan làwọn lè wọ̀. Bí wọ́n ṣe pàdánù ipò ọ̀gá nìyẹn, ní ọmọ ọdún mélòó kan lé ní ogún, nítorí báàjì.

Ìyá àgbà ò dárí ọ̀rọ̀ náà jì wọ́n títí tí Ìyá àgbà fúnra wọn fi kú ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí òjò bá ti jò sínú yàrá, tàbí tí onílé bá kanlẹ̀kùn, ìjà dé nìyẹn. "À bá máa gbé nínú ilé tó ní ọgbà òdòdó, ká ní ẹ gbà láti sọ̀ kalẹ̀ ọdún kan péré!" Bàbá àgbà á máa na òwú wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n dáhùn, wọ́n ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè máa kí àwọn ẹgbẹ́ mi ní ọ̀gá." Ìyá àgbà fi ọwọ́ gbá ìbàdí, wọ́n ní, "Ẹni tó kọ̀ láti ṣe àbúrò fún ọdún kan, ta ló fẹ́ ṣe ẹ̀gbọ́n fún láyé yìí?" Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú Bàbá àgbà. Ọ̀rọ̀ náà bà wọ́n gan-an, nítorí òótọ́ ni.

Ìgbéraga wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́ torí pé òkú ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí Ìyá àgbà ò rí, èmi gan-an ò tètè rí i.

Ẹni tó bá mọ Ìyànà Ìbà mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń tò níbẹ̀. Bí mọ́tò bá dé, ìgunpá lẹ fi ń wọlé. Bàbá àgbà á lọ dúró gbọn-in sí ibi tí ó yẹ kí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn lẹ́yìn, èmi lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àpò òwú lórí. Mọ́tò mẹ́ta á kún, á lọ, a ò ní kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ kan, àgbèrò kan wò wọ́n títí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń tò tì?" Ẹ̀rín pa gbogbo èrò. Èmi ní tèmi, mo ń bẹ ilẹ̀ pé kó là kó gbé mi mì. Bàbá àgbà ò bínú rárá. Wọ́n tún fìlà wọn dé, wọ́n ní, "Ẹnì kan náà lè tò."

Bàtà wọn ńkọ́? Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń fi póólíìṣì pa á títí ẹ ó fi rí eyín yín nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, bàtà tí wọn yóò bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí! Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n kírun tán, wọn ò bá bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi rìn wálé, wọ́n na àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n ń lu ìlù sójà fún. Mo gbé èpè sẹ́nu fún olè náà. Wọ́n ní kí n mú un kúrò lẹ́nu. "Ẹni tó mú un mọ ohun tó dára." Èmi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àmì náà. Nígbà tí kọ́ọ̀sì yẹn ń múra àtijáde, wọ́n nílò àmì àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ àwòrán yà láàárín wọn àfi Mùráínà tó ti lọ sílé. Mùráínà ni orúkọ Bàbá àgbà mi. Wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹlòmíràn á fa lẹ́tà náà ya. Bàbá àgbà jókòó nínú yàrá kan ní Òkokomàíkò, wọ́n ya ẹyẹ kan tó na ẹsẹ̀ síwájú, tó yí orí padà sẹ́yìn, wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: A ń lọ, a ń wẹ̀yìn. Òyìnbó ni ó wà lórí báàjì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ rò ó.

Idì ni kọ́ọ̀sì ń pe ẹyẹ náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pín níbi ìpàdé, pé idì yìí dúró fún ológun tó ń ríran jìnnà, tó ń rántí ìtàn àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bàbá àgbà á ka ìyẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ. Ta ló rí idì tó ní ẹsẹ̀ báyìí? Lékeléke ni mo yà." Lékeléke, ẹyẹ tí àwa ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀! Ọ̀gágun ńlá ńlá ń gbé e kiri láyà, wọ́n ń pè é ní idì.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí lékeléke ń wẹ̀yìn. A ń ká òwú lọ́wọ́ ni, iná ti lọ, a ti sún àga wa sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Lékeléke kì í dá rìn. Bí o bá rí èyí tó wẹ̀yìn, ọ̀kan ló kù lẹ́yìn."

Bí wọ́n bá ń rán báàjì kọ́ọ̀sì yẹn, wọn kì í gbọ́ rédíò, wọn kì í gbàlejò. Kókó kan, orúkọ kan. Wọ́n á ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, wọ́n á pe orúkọ ẹni tó ni kókó náà sókè bí wọ́n ti ń pe orúkọ láàárọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n á sì dá ara wọn lóhùn. "Dánlámì!" "Ó wà." "Òkórò!" "Ó ti lọ." "Ládipọ̀!" "Ó wà." Ládipọ̀ ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ní Ìbà. Mo gbọ́ orúkọ wọ̀nyí títí mo fi mọ̀ wọ́n sórí kí n tó mọ orúkọ àwọn ẹbí bàbá mi. Bí wọ́n bá pe ìkejìlélógójì tán, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó já òwú. Mo ní, "Ṣé ó ku ẹnì kan ni, sà?" Wọ́n ní, "Rárá. Orúkọ ti pé."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo rò pé oore ni. Wọ́n lọ kírun, mo jókòó ti báàjì kan tó ti ń parí, mo fi kókó wúrà kan kún un, ìkẹtàlélógójì. Mo pe orúkọ, "Mùráínà!" Mo dá ara mi lóhùn, "Ó wà." Inú mi dùn. Bí wọ́n ti wọlé, ojú wọn lọ síbẹ̀ tààrà. Mi ò rí ìbínú bẹ́ẹ̀ lára wọn rí. Wọ́n jókòó, wọ́n tú u. Wọ́n sọ mí di rikúrúùtì, sójà tuntun tí kò tíì ní ipò, fún odindi oṣù kan, ilẹ̀ ni mò ń gbá, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "A kì í fi abẹ́rẹ́ jí oyè, Sàkírátù." Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n pe orúkọ mi gan-an.

Èmi tí mo ti gba irú ìyà yẹn ni iṣẹ́ Wásáàpù wá bá. Mo sọ fóònù sílẹ̀, mo wọ ìbòrí mi, ó di Ìbà.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn géètì. Mo rò pé màá bá ọmọ ọ̀dọ̀, màá bá ariwo. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun, àwo kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìwọ ni Kọ́pùrà," ni wọ́n wí. "Dìde, ọmọ mi. Mùráínà sọ̀rọ̀ rẹ fún mi."

"Ẹ ṣé, sà. Sà, ṣé Bàbá àgbà mi ò kú ni?"

Wọ́n wò mí. "Mo gbọ́. Ìgbà tí mo fi gbọ́, ẹ ti sin ín."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní kí n sọ méjì di funfun? Ṣé ẹ̀mí tiwọn kì í ṣe ẹ̀mí ni?"

Ẹnu Ìyá àgbà nìyẹn, ẹ dárí jì mí. Kọ́nẹ́ẹ̀lì jókòó. Wọ́n ní òfin ni, pé àwọn tó jáde nìkan ló ní kókó, Bàbá àgbà fúnra wọn ló sì kọ òfin náà sínú lẹ́tà tí wọ́n fi àmì ránṣẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí yàrá, wọ́n mú lẹ́tà náà wá, ìwé tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Mo mọ ìkọ̀wé náà lójú kan. Ó wà níbẹ̀ pé kókó jẹ́ ti àwọn tó parí. Ìlà tó tẹ̀ lé e sọ pé: "Ẹyẹ náà ń wẹ̀yìn nítorí ẹnì kan kù lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀."

"Èmi ni mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yẹn," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí. "Ti ìtàn, ti àwọn tó ṣáájú. Ojú ló tì wá. A wò ó pé bí a bá kọ ohun tó wí, gbogbo èèyàn ni yóò máa bi wá pé ta ló kù, kí la sì ṣe sí i. Nítorí náà, mo yí i."

"Ẹ sì ń wọ̀ ọ́, sà. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá."

"Lọ́dọọdún ni a ní kó wá jókòó bá wa jẹun. Kò jókòó rí. Á gbé báàjì lé wa lọ́wọ́, á yísẹ̀ padà."

"Gẹ́gẹ́ bí kí ni ẹ ṣe ní kí wọ́n jókòó?"

Wọ́n ti àwo orí tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gẹ́gẹ́ bí àlejò."

Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo rántí pé bí wọ́n bá ti ibi ìpàdé náà dé, Bàbá àgbà kì í jẹun títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo máa ń rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Mo dìde, mo ní ó dàbọ̀, mo lọ.

Ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ báàjì àkọ́kọ́. Mo yí orí lékeléke síwájú. Ẹ ò wẹ̀yìn, kí ẹyẹ yín náà yé wẹ̀yìn! Mo parí rẹ̀, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó dà bí adìẹ tí wọ́n ń lé. Mo tú u. Mo tún mú òwú wúrà, mo fẹ́ fi kókó kẹtàlélógójì síbẹ̀, ta ló máa mú mi? Abẹ́rẹ́ ti kan aṣọ. Ṣùgbọ́n àga wọn wà níwájú mi níbẹ̀, òfo. Mo gbé òwú náà sílẹ̀. Mo rán mọ́kànlá bí wọ́n ti ní kí n rán an, mo ń pe orúkọ, mo ń dá ara mi lóhùn, èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ náà dá wà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é fún gbogbo ọdún yẹn ò sọ ọ́ fún mi rí.

Àwọn ọ̀gá kì í wá gba báàjì fúnra wọn, dírẹ́bà ni wọ́n ń rán. Lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n gbà á, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni mo rí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ lórí pátákó tó wà lórí gọ́tà wa. Wọ́n wọlé. Wọn ò wò mí, àga ni wọ́n ń wò.

"Ibí ló máa ń jókòó sí?"

"Ibẹ̀ ni, sà."

Mo nawọ́ báàjì sí wọn nínú ọ̀rá. Wọ́n mú ọ̀kan jáde, wọ́n fi ìka wá kókó tiwọn kiri etí rẹ̀, wọ́n rí i. Wúrà ṣì ni. Wọ́n ní, "Fi kókó kan kún un. Mo ti bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Rán an, funfun ni kó o fi rán an."

Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ sí Ìbà nìyẹn. Mo la ẹnu láti dúpẹ́, ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi.

"A kì í fi abẹ́rẹ́ jí oyè, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú wọn sì kún fún omi. "Òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

"Wọ́n fẹ́ kí ẹ wẹ̀yìn ni, sà. Wọn ò bèèrè ju ìyẹn lọ."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì dá báàjì tí wọ́n mú jáde padà sínú ọ̀rá. Wọ́n mú ọ̀rá báàjì, wọ́n jáde. Mo jókòó, mo ń ká òwú, kí n lè rí nǹkan fi ọwọ́ mi ṣe. Mo gbọ́ ọ̀pá wọn lórí pátákó, kọ̀, kọ̀, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbójú sókè. Wọ́n ti dúró láàárín pátákó náà, ọ̀kadà ń kọjá lọ kọjá bọ̀ níwájú wọn, wọ́n ti yí orí padà. Wọ́n na ara wọn tọ́. Wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ láàárọ̀ pè é, ohùn tí gbogbo òpópónà gbọ́:

"Mùráínà!"

Àga ò dáhùn. Mo dìde.

"Wọ́n ti lọ, sà."